Ìjókòó Ọkọ̀ Tó Di Ẹ̀rọ

Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tó ń fi ojú fídíò sẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wí ni pé iPad ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọdún 2010 ló jáde, ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù tirẹ̀ dání wọ ọkọ̀. Ta ni yóò tún sanwó kí wọ́n tú ìjókòó nítorí fídíò? Àlàyé yìí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó fo ìjókòó fúnra rẹ̀ dá. Kí iPad tó dé rárá, inú ìjókòó ti ń di ibi tí wáyà àlejò kò lè gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láti January 1, 1969 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ìjókòó iwájú ọkọ̀ tuntun ní ìrọ̀rí tí orí yóò gbé lé, kí ọrùn má baà ṣẹ́ bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá wọn lẹ́yìn. Ọ̀pá irin méjì ló sábà máa ń gbé ìrọ̀rí náà dúró, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ló sì ní ihò nínú. Ihò yìí ni iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Nígbà tí Oldsmobile gbé Silhouette Premiere ti ọdún 1999 jáde, òrùlé ọkọ̀ ni ojú fídíò rẹ̀ ti ń ṣí wálẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn dùn, ṣùgbọ́n irú ojú fídíò bẹ́ẹ̀ lè dí awakọ̀ lọ́wọ́ láti rí ẹ̀yìn nínú dígí, fíìmù kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi yíjú sí ìrọ̀rí. Wọ́n gbẹ́ fóòmù, wọ́n ki ojú fídíò bọ̀ ọ́, wọ́n fa wáyà gba inú ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn awọ ìjókòó, ó yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí iná wà. Ìjókòó a máa lọ síwájú sẹ́yìn, ìrọ̀rí a máa lọ sókè sódò, nítorí náà ẹni tí kò bá dẹ wáyà rẹ̀ díẹ̀, irin ìjókòó yóò gé e jẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ìjókòó kò dúró sójú kan. Volvo 850 ti ọdún 1995 gbé airbag sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí wáyà airbag fi di ohun tó wọ́pọ̀ lábẹ́ ìjókòó, pẹ̀lú kọnẹ́tọ̀ aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Ní 1997, Saab 9-5 dé pẹ̀lú ìrọ̀rí tó máa ń ta síwájú fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gbá ọkọ̀ lẹ́yìn; irin tó ń tì í wà nínú ẹ̀yìn ìjókòó. Láàárín 2003 sí 2006, òfin Amẹ́ríkà tún fẹ́ kí airbag iwájú má ṣe ọmọ kékeré léṣe, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì fi ohun tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó sínú ìjókòó.

Ẹnìkan lè ní ọ̀pá ìrọ̀rí wà láàárín, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sì ni airbag wà, pé kí ló kàn wọ́n? Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló sì ṣe é láìsí ewu. Síbẹ̀, abẹ́ ìjókòó ni gbogbo wáyà ti ń pàdé, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ka á léèwọ̀ fún ilé àtúnṣe ọkọ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun ààbò tí òfin béèrè di aláìṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ń fi ojú fídíò sínú ìrọ̀rí. Èyí gan-an ló ti ohun tí mò ń sọ lẹ́yìn: wọ́n jọ ya ìjókòó àti wáyà ni, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbá ògiri dán an wò kí wọ́n tó tà á. Iṣẹ́ náà kò kú, ó ṣí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dé Èkó, rìwáyà tó bá sì ń wá ìdí tí fídíò fi kú lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ orí bátìrì, kó sì dúró díẹ̀, kó tó fọwọ́ kan kọnẹ́tọ̀ aláwọ̀ ìyeyè.