Ẹgbẹ́ Awòsinimá Ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, 1925 sí 1939

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1925, àwọn ènìyàn péjọ sí ilé sinimá New Gallery ní òpópó Regent ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó kàn ń kọjá lọ ni ó lè yà síbẹ̀ kí ó sanwó wọlé. Àwọn tí ó ti san owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni ẹnu ọ̀nà ṣí fún. Ohun pàtàkì tí wọ́n bá wá ni fíìmù Waxworks, èyí tí Paul Leni ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Kí ó tó kàn án, wọ́n wo àwọn iṣẹ́ kéékèèké ti Walter Ruttmann, nínú èyí tí kò sí ènìyàn, tí kò sí ìtàn, bí kò ṣe oríṣiríṣi àpẹẹrẹ tí ń yí, tí ń fẹ̀, tí ń sún kì lójú awòran. Wọ́n wo Charlie Chaplin láti fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún gbé fíìmù ògbólógbòó kan ti Broncho Billy jáde, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ti kà sí àlòkù. Báyìí ni Ẹgbẹ́ Awòsinimá ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ivor Montagu àti Hugh Miller ni èrò náà kọ́kọ́ sọ sí lọ́kàn. Òṣèré orí ìtàgé ni Miller. Ọmọ ìjòyè tí ó ní báńkì ni Montagu, ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà, kò sì pẹ́ tí ó kúrò ní Yunifásítì Cambridge. (Òun kan náà ni ó ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ àgbáyé fún eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì ní ọdún 1926, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀.) Àwọn tí ó bá wọn fi orí korí ni Iris Barry, obìnrin lámèyítọ́ fíìmù nínú ìwé ìròyìn; Sidney Bernstein, tí ó ní ilé sinimá; Adrian Brunel, tí ó ń ṣe fíìmù; Walter Mycroft, akọ̀ròyìn; àti Frank Dobson, gbẹ́nàgbẹ́nà ère. Àwọn ẹni ńlá bí H. G. Wells àti Bernard Shaw fi orúkọ sílẹ̀, èyí sì bu iyì kún ẹgbẹ́ náà lójú àwọn tí ó kà sinimá sí eré àwọn aláìmọ̀wé. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi wo eré alárìnjò ní ilẹ̀ Yorùbá fún ìgbà pípẹ́.

Kí ni ó fà á tí ènìyàn fi gbọdọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ó tó lè wo fíìmù? Ìdí méjì ni. Èkíní ni ọ̀rọ̀ èrè. Fíìmù Amẹ́ríkà ni ó gba gbogbo ilé sinimá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí oníṣòwò tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí iṣẹ́ àjèjì tí kò dá a lójú. Fíìmù tí ó bá sì ti parí ìrìn àjò rẹ̀ kò ní olùtọ́jú. Ẹlòmíràn ni a ń yọ́ nítorí fàdákà inú rẹ̀.

Ìdí kejì ni òfin, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé lọ́jú pọ̀. Fíìmù ayé ìgbà náà a máa gbiná bí ẹ̀tù. Nítorí èyí ni ìjọba fi ṣe òfin ọdún 1909, pé ilé sinimá kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀, kí ẹ̀mí àwọn awòran má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ti di ẹni tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé àṣẹ náà pinnu ohun tí a ó fi hàn pẹ̀lú. Ní ọdún 1912 àwọn oníṣòwò sinimá fúnra wọn gbé ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò kalẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú sì gba ìdájọ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó wá ṣọ́ iná ni ó di ẹni tí ń ṣọ́ ohun tí ojú ń rí. Ẹgbẹ́ Awòsinimá tọ ìgbìmọ̀ ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni àwọn yóò fi fíìmù hàn, kì í ṣe gbogbo ayé. Wọ́n sì rí àyè gbà láti fi èyí tí àwọn aṣàyẹ̀wò kò fọwọ́ sí hàn.

Fíìmù Nosferatu, tí F. W. Murnau ṣe ní ọdún 1922, wà lára àwọn tí ó bọ́ sínú wàhálà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣàyẹ̀wò. Inú ìwé Dracula ti Bram Stoker ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀ láìgba àṣẹ. Opó òǹkọ̀wé náà, Florence Stoker, pe ẹjọ́ ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì jàre. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní ọdún 1925 pé kí a ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́. Ẹ̀tọ́ obìnrin náà ni ó ń jà fún, kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Síbẹ̀ Ẹgbẹ́ Awòsinimá fi Nosferatu hàn ní oṣù kejìlá ọdún 1928, inú opó náà kò sì dùn sí i. Bí àṣẹ ilé ẹjọ́ bá ti ṣẹ pátápátá ni, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí a mọyì jù lọ láyé ìbá ti run.

Èyí tí ó mú kí orúkọ ẹgbẹ́ náà kàn jù ni Battleship Potemkin. Sergei Eisenstein ni ó ṣe é ní ọdún 1925 nípa ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Rọ́ṣíà dì ní ọdún 1905, nígbà tí wọ́n fi ẹran onídin bọ́ wọn. Àwọn aṣàyẹ̀wò kọ̀ ọ́ ní ọdún 1926. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ọ̀tẹ̀ orí aṣọ funfun má lọ di ọ̀tẹ̀ ojúde. Ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1929, ẹgbẹ́ náà fi í hàn, Eisenstein fúnra rẹ̀ sì wà níjokòó. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a kọ́kọ́ fi Drifters hàn, fíìmù tí John Grierson ṣe nípa àwọn apẹja òkun Àríwá. Ó hàn nínú Drifters pé Grierson ti fi ojú sílẹ̀ wo bí Eisenstein ṣe ń to àwòrán pọ̀, tí ìgbì omi, ẹ̀rọ àti apá òṣìṣẹ́ fi ń dáhùn ara wọn. Ó di ọdún 1954 kí àwọn aṣàyẹ̀wò tó gbà pé kí a fi Potemkin han gbogbo ènìyàn.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fi bò. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè irú àyè kan náà láti fi àwọn fíìmù Rọ́ṣíà hàn, ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ fún wọn. Owó ẹgbẹ́ tiwọn kò tó nǹkan, àwọn tí yóò sì jókòó wòran ni àwọn tí a ń bẹ̀rù pé wọ́n lè dìtẹ̀. Bí a ti ń bí ẹrú ni a ń bí ọmọ, ṣùgbọ́n ojú ọlọ́lá ni a gbà pé ó lè rí ọ̀tẹ̀ kí ó má dìtẹ̀. Montagu, ọmọ ọlọ́lá, kò dákẹ́ sí i. Ó kọ ìwé pélébé kan ní ọdún 1929 láti tako irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ojú yìí kan náà ni wọ́n fi wo ọmọ adúláwọ̀, èyí ni ó sì kan Nàìjíríà nínú ìtàn yìí. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará Nàìjíríà nípa ìlera. Ó ṣe ọ̀kan ní ọdún 1937 nípa bí a ṣe gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn eku ní Èkó. Ní ọdún 1939 a fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ láti máa ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí àwòrán máa falẹ̀, kí ìtàn má fò láti ibì kan sí ibòmíràn, kí a má ṣe dá ọgbọ́n ẹ̀tàn kankan sí i, nítorí pé yóò dàrú mọ́ ará Áfíríkà lójú. Ó dájú pé ẹni tí ó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ kò fara balẹ̀ jókòó sí agbo eégún apidán. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń di erè, tí erè ń di ọ̀nì, tí ọ̀nì tún ń di ìyàwó òyìnbó, tí ọmọdé inú agbo ń pàtẹ́wọ́ láìbéèrè ẹni tí yóò ṣe àlàyé fún un.

Ọdún 1939 yìí náà ni Ẹgbẹ́ Awòsinimá Lọ́ńdọ́ọ̀nù kógbá sílé, lẹ́yìn ìfihàn méjìdínláàádọ́fà. Fíìmù olóhùn ti gba ayé kan nígbà náà, àwọn ilé sinimá kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì ti ń fi fíìmù ilẹ̀ òkèèrè pawó. Iris Barry ti rékọjá sí Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1935 ni ó ti ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́-ọnà òde òní ní New York. Lára àwọn fíìmù tí ẹgbẹ́ náà kó jọ wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.