Ọ̀gágun Radetzky àti Ìlú Milan

Ẹni 90 ọdún ni Joseph Radetzky nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1857. Láti 1784 ni ó ti wọ iṣẹ́ ológun Ọ́stríà, ọba márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì sìn lórí ìtẹ́ Vienna. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pípẹ́ tí ó pẹ́ nínú iṣẹ́ ni ó mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun Ítálì lẹ́ẹ̀mejì kò rí ìlú kan ṣoṣo tù lójú.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọdún 1766, ni wọ́n bí i sínú ìdílé ọlọ́lá ní Třebnice, ní ilẹ̀ Bohemia, èyí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Ó bá Turkey jà, ó bá Faransé jà. Ní ogun Leipzig ti 1813, òun ni olórí àwọn tí ń gbèrò ogun fún Schwarzenberg. Gbèsè kò fi í sílẹ̀ rí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ owó í dì. Ní 1831, wọ́n fi í ṣe olórí ọmọ ogun ní Lombardy àti Venetia, ilẹ̀ Ítálì méjì tí ìpàdé Vienna ti 1815 fi sábẹ́ Ọ́stríà.

Ọ̀rọ̀ tábà ni ó fi hàn gbangba pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìjọba nìkan ni ó ní àṣẹ àtita tábà, èrè rẹ̀ sì ń wọ àpò Vienna. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1848, àwọn ará Milan pa ẹnu pọ̀, wọn kò fa sìgá mọ́. Òfin wo ni yóò fi ipá mú ènìyàn fa tábà? Àwọn ọmọ ogun wá ń fa sìgá kiri ìgboro, wọ́n ń tú èéfín sójú aráàlú. Ní ọjọ́ kẹta ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní oṣù kẹta, ìròyìn dé pé ọ̀tẹ̀ ti dé Vienna fúnra rẹ̀. Fún ọjọ́ márùn-ún, láti ọjọ́ kejìdínlógún, àwọn ará Milan fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àga àti tábìlì dí òpópónà, wọ́n sì jà. Radetzky, ẹni ọdún 81, kó ogun rẹ̀ jáde, ó forí lé àwọn ìlú olódi mẹ́rin: Verona, Mantua, Peschiera àti Legnago. Àwọn ìjòyè ọba kan fẹ́ dúnàádúrà. Òun kò gbà. Ní oṣù keje, ó ṣẹ́gun Carlo Alberto, ọba Piedmont, ní Custoza. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ó tún wọ Milan. Kí oṣù náà tó parí, Johann Strauss àgbà ti gbé orin tí ó fi yìn ín jáde ní Vienna. Orin yìí ni wọ́n fi ń kádìí eré ọjọ́ ọdún tuntun níbẹ̀ títí dòní, tí àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ sí i; ọjọ́ kan náà nínú ọdún ni Milan fi sìgá sílẹ̀. Nígbà tí Carlo Alberto tún gbógun dìde ní 1849, ogun náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìjà Novara, ó gbé adé fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n wá fi Radetzky jẹ ajẹ́lẹ̀ àgbà lórí Lombardy àti Venetia, àṣẹ ogun àti ti ìlú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí ni ọgbọ́n rẹ̀ pin sí. A kò lè pè é ní àjèjì tí kò mọ ìlú: ó gbọ́ èdè Ítálì, obìnrin Ítálì kan, Giuditta Meregalli, sì bímọ fún un. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́lá àti olówó nìkan ni ọ̀tá, pé àgbẹ̀ àti tálákà yóò máa bá ọba lọ. Nítorí náà ó bu owó gọbọi lé àwọn olówó tí ó lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀. Ní Mantua, ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá, ọdún 1852, wọ́n so ènìyàn márùn-ún rọ̀, àlùfáà Enrico Tazzoli wà lára wọn. Radetzky ni ó fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 1853, Milan tún dìde. Oníṣẹ́ ọwọ́ àti tálákà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó dìde lọ́tẹ̀ yìí, síbẹ̀ dúkìá àwọn olówó tí ó ti sá lọ sí Piedmont ni ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé.

Ó kú ní Milan ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1858. Pargfrider, oníṣòwò tí ń kó ọjà fún àwọn ọmọ ogun, ti bá a san gbèsè rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ní Heldenberg ni wọ́n sì sin ọ̀gágun náà sí. Oṣù mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ogun Magenta, àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà kó ẹrù wọn jáde ní Milan láìjà níbẹ̀.