St. Augustine: Odi Ìkarawun àti Àwọn Tó Já Ara Wọn Gbà

Nínú gbogbo ìlú tí àwọn òyìnbó tẹ̀ dó ní àwọn ìpínlẹ̀ tó para pọ̀ di Amẹ́ríkà, tí ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà náà láìdáwọ́ dúró, St. Augustine ní etíkun ìlà-oòrùn Florida ni ó pẹ́ jù lọ. Pedro Menéndez de Avilés, ọ̀gágun ojú omi ọmọ Sípéènì, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1565, ó sì fi orúkọ Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá Áfíríkà, pè é, nítorí pé ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ yìí ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ rí etíkun náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní wúrà, ṣùgbọ́n Sípéènì kò jẹ́ fi í sílẹ̀, torí pé ẹ̀bá rẹ̀ ni ìṣàn omi òkun tó ń gbé àwọn ọkọ̀ afàdákà padà sí Yúróòpù ń gbà kọjá.

Odi igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣọ́ ìlú, igi a sì máa jẹrà, iná a sì máa jó o. Francis Drake, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dáná sun ìlú náà ní ọdún 1586, nígbà tí àwọn ajalèlókun sì tún kó o ní ọdún 1668, ìjọba Sípéènì gbà pé àfi odi olókùúta. Ní ọdún 1672 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Castillo de San Marcos, ìyẹn Odi Máàkù Mímọ́, ọdún 1695 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi mọ ọ́n, tí a ń pè ní coquina, jẹ́ ìkarawun àwọn ẹran omi kéékèèké tó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, erékùṣù Anastasia tó wà ní òdìkejì omi sì ni wọ́n ti ń wà á. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde, ó rọ̀ débi pé àáké ń gé e, nítorí náà wọ́n ní láti sá a kí ó gbẹ kí ó sì le, kí wọ́n tó fi ẹfun tí wọ́n rí nínú ìkarawun sísun tò ó léra. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni agbára rẹ̀: ọta àgbá tó bá bà á kì í fọ́ ọ, ńṣe ni ó ń rì sínú rẹ̀ bí òkúta tí a jù sínú amọ̀ tútù. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Carolina dó ti ìlú ní ọdún 1702, nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló sá sínú odi náà fún ọ̀sẹ̀ bíi méje. Àwọn ọ̀tá sun gbogbo ìlú kí wọ́n tó padà, ṣùgbọ́n odi kò mì.

Odi yìí ni àwọn àlejò ń rọ́ lọ wò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́, àmọ́ ìtàn tó yẹ kó ṣíwájú wà ní nǹkan bíi máìlì méjì sí àríwá rẹ̀. Ní ọdún 1687, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin méjì àti ọmọ ọwọ́ kan fi ọkọ̀ ojú omi kékeré sá kúrò lóko ẹrú ní Carolina wá sí St. Augustine; nígbà tó sì di ọdún 1693, ọba Sípéènì pàṣẹ pé ẹrú Gẹ̀ẹ́sì tó bá sá wá tó sì gba ẹ̀sìn Kátólíìkì ti dòmìnira. Kì í ṣe àánú nìkan ló bí àṣẹ náà, torí pé ẹrú wà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì gan-an, wọ́n sì fẹ́ sọ Carolina di aláìlágbára. Francisco Menéndez, ọmọ Mandinka, náà sá dé Florida lẹ́yìn ìgbà náà, síbẹ̀ wọ́n tún sọ ọ́ di ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fi so èso. Ní ọdún 1738, Gómìnà Manuel de Montiano fún àwọn olómìnira náà ní ilẹ̀ tiwọn, Gracia Real de Santa Teresa de Mose, tí a gé kúrú sí Mose, Menéndez sì di balógun wọn. Nígbà tí James Oglethorpe, olórí Georgia, kó ogun wá ní ọdún 1740, ó gba Mose, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ Mose, àwọn ọmọ ogun Sípéènì àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun tó fi síbẹ̀. Kò pẹ́ tí Oglethorpe fi kó ogun rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1763, Sípéènì fi Florida lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, àwọn ará Mose sì bá àwọn ará Sípéènì ṣí lọ sí Cuba, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní ilẹ̀ ní agbègbè Matanzas, agbègbè tí àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, yóò di ńlá ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Irà omi iyọ̀ bo Mose, àwọn kan sì ń sọ pé kò tilẹ̀ sí i rí, títí tí Kathleen Deagan àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wa yàrà odi rẹ̀ jáde láti ọdún 1986, pẹ̀lú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ Christopher Mímọ́ kan tí a fọwọ́ rọ.

Ọ̀rọ̀ òmìnira kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1888, Henry Flagler, olówó epo àti ọkọ̀ ojú irin, ṣí hótẹ́ẹ̀lì Ponce de Leon, ìlú sì di ibi ìgbafẹ́ àwọn olówó àríwá nígbà òtútù, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú dé etíkun. Ìdí nìyí tí Frank Butler, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú, fi ra ilẹ̀ ní Anastasia ní ọdún 1927, ó sì ṣí etíkun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní fún wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ wọ inú òkun ní etíkun tí a fi dù wọ́n, àwọn alátakò sì lù wọ́n nínú omi. Nígbà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ náà wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hótẹ́ẹ̀lì kan, ọ̀gá ibẹ̀ da ásíìdì sínú omi náà, àwòrán rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún yẹn, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ní hótẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.