Ìtọ́jú Ọyún Inú Àyà Ọmọdé

Ọyún inú àyà ni ọyún tó gbárajọ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Òtútù àyà ló sábà máa ń fà á. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè fà á. Lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, Staphylococcus aureus ni kòkòrò tí wọ́n ń bá nínú ọyún náà jù, pàápàá bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èéyi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, pneumococcus ló máa ń gba iwájú.

Bí ibà ọmọ tó ní òtútù àyà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti ń gba oògùn, tí ẹ̀gbẹ́ àyà kan kò sì gbéra bí èkejì, ó yẹ kí a fura. X-ray á fi omi hàn. Skáànù á fi hàn bóyá omi náà ṣì ń ṣàn tàbí ó ti dì.

Oògùn

Cloxacillin àti gentamicin, láti ojú iṣan, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ fún ti Staphylococcus. Bí ara bá ti ń yá, ọmọ á máa lo cloxacillin lẹ́nu títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Rọ́bà àyà

Tí omi bá ti di ọyún, oògùn nìkan kì í sábà ṣiṣẹ́. Ọyún gbọ́dọ̀ jáde. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ mọ ìrora, dókítà á la ojú kékeré sí ìsàlẹ̀ abíyá, á sì ti rọ́bà gba àárín egungun ìhà méjì wọlé. Ẹnu rọ́bà kejì á wà lábẹ́ omi nínú ìgò nílẹ̀: ọyún á máa jáde, afẹ́fẹ́ òde kò ní lè wọlé.

Ìdí ìgò yìí ni ìtọ́jú ti lè bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé e ga ju àyà ọmọ lọ, bóyá torí ó fẹ́ gbálẹ̀, lè dá omi ìgò padà sínú àyà. Bí ọmọ ti ń mí, omi inú rọ́bà á máa lọ sókè sódò. Bí ó bá dúró, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà ti dí. Ọmọ tó bá ti gbọ́n díẹ̀ lè máa fẹ́ bàlúùnù kí ẹ̀dọ̀fóró lè tètè fẹ̀.

Bí rọ́bà kò bá tó

Ibí ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn. Àwọn kan ní kí a da oògùn tó ń yọ́ ọyún, bíi urokinase, gba inú rọ́bà. Àwọn mìíràn ní kí a tètè fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà fọ àyà. Ìwádìí kan ní London lórí ọmọ 60, tó jáde ní 2006, kò rí ìyàtọ̀ nínú ọjọ́ tí wọ́n lò nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbówó lórí jù. Ó ṣòro láti sọ bóyá àbájáde yìí bá ọmọ tó pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn mu. Níbi tí kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì, iṣẹ́ abẹ láti bó èèpo tó dì mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló kù. A kì í yára ṣe é fún ọmọdé: X-ray ọ̀pọ̀ wọn á padà mọ́ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìtàn

Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ti ń la àyà ẹni tó ní ọyún inú àyà. Dókítà Gotthard Bülau ti Hamburg ló gbé rọ́bà onígò kalẹ̀ ní 1875. Ní 1918, ìgbìmọ̀ tí Dókítà Evarts Graham wà nínú rẹ̀ rí i pé àyà tí wọ́n ń tètè là sílẹ̀ gbayawu ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni rọ́bà ti borí.

Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, àwọn dókítà Adebonojo, Grillo, Osinowo àti Adebo kọ àpilẹ̀kọ lórí àrùn ọyún inú ẹ̀dọ̀fóró àti àyà ní 1982.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ àjẹsára pneumococcus ní oṣù Kejìlá 2014; a máa ń gún un fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá tí a bí i. Àjẹsára yìí kò dènà Staphylococcus.