Àyẹ̀wò Ìjáde Ẹyin Nínú Ilé

Àyẹ̀wò ìjáde ẹyin ni àyẹ̀wò ìtọ̀ tí obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé láti mọ ìgbà tí ẹyin rẹ̀ fẹ́ jáde, kí tọkọtaya tó ń wá ọmọ lè mọ ọjọ́ tí oyún lè dúró. Họ́mọ́ọ̀nù kan tí à ń pè ní LH ni ó ń wá nínú ìtọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì dínwó jù, ni bébà pélébé tí à ń tì bọ inú ìtọ̀. Òmíràn wà nínú ike, òmíràn sì ní ojú kékeré tó ń gbé àmì jáde. Kò dìgbà tí dókítà bá kọ ìwé kí èèyàn tó rí i rà ní kẹ́míìsì. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àsìkò nìkan ló ń sọ. Kò lè sọ ìdí tí ọmọ kò fi tíì dé, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Bí ẹyin ṣe ń jáde

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ ni à ń kà sí ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà náà ni ẹyin ti ń dàgbà nínú ibùdó rẹ̀, tí họ́mọ́ọ̀nù estrogen sì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bí estrogen bá ti pọ̀ tó, ẹṣẹ́ pituitary, tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò sì tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, á tú LH sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. LH yìí ló ń mú kí ẹyin já kúrò níbi tó wà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti rí i nínú ìtọ̀ ni ẹyin máa ń jáde.

Ẹyin tó bá jáde kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ. Àtọ̀ ní tirẹ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ 5. Ìdí nìyí tó fi dára kí àtọ̀ ti wà nílẹ̀ de ẹyin. Ní 1995, olùwádìí Allen Wilcox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa obìnrin 221 ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo wọn ń wá oyún. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọjọ́ 6 péré ni ìbálòpọ̀ fi ń di oyún nínú oṣù kan: ọjọ́ 5 tó ṣáájú ìjáde ẹyin, àti ọjọ́ ìjáde ẹyin gan-an.

Ìtàn àyẹ̀wò náà

Láàárín 1920 sí 1930, dókítà méjì, Kyusaku Ogino ní Japan àti Hermann Knaus ní Austria, ṣàlàyé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni ẹyin máa ń jáde. Láti ibẹ̀ ni ìṣirò orí kàlẹ́ńdà ti wá. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò ran ẹni tí oṣù rẹ̀ ń tètè dé lónìí, tó sì ń pẹ́ lọ́la. Ohun tó la ọ̀nà fún àyẹ̀wò ìtọ̀ òde òní ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge ní 1975. Wọ́n rí ọ̀nà tí a fi lè pèsè antibody (èròjà tí ara fi ń gbéjà ko àrùn) oríṣi kan ṣoṣo lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó jẹ́ pé ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é nìkan ló ń dì mọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984.

Irú antibody bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti fi àwọ̀ sí, ló wà nínú bébà àyẹ̀wò. Bí ìtọ̀ ṣe ń gun bébà lọ, antibody aláwọ̀ á gbá LH mú, á sì gbé e dé ojú ìlà tí antibody mìíràn ti ń dè é. Bí LH bá ṣe pọ̀ tó ni ìlà náà á ṣe ki tó. Ìlà kejì ni ẹ̀rí pé bébà ṣiṣẹ́. Bí ìlà ẹ̀rí yìí kò bá jáde, àyẹ̀wò ọ̀hún ti bàjẹ́, ó yẹ kí a mú bébà mìíràn.

Bí a ṣe ń lò ó

Obìnrin á kọ́kọ́ mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn. Á yọ 17 kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ tó bá kù ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11. Bí oṣù kò bá dọ́gba, èyí tó kúrú jù nínú àwọn oṣù àìpẹ́ yìí ni kó fi ṣírò. Àsìkò kan náà ni kó máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó dára kó má mu omi púpọ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú, kí ìtọ̀ má baà ṣàn jù. Iye ìṣẹ́jú tí ìwé inú páálí bá kọ ni kó fi wo ìlà, kó má ṣe padà wò ó lẹ́yìn ìgbà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kíka ìlà. Nínú àyẹ̀wò oyún, ìlà àyẹ̀wò tó bá jáde, bó ti wù kó rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ni. Nínú ti ìjáde ẹyin, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí LH díẹ̀ máa ń wà nínú ara nígbà gbogbo. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 lè rí ìlà àyẹ̀wò tó rẹ̀ gidigidi. Ní ọjọ́ 12, ó lè máa rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 13, ó ki bí ìlà ẹ̀rí, tàbí kó tilẹ̀ ki jù ú lọ. Ọjọ́ 13 yìí ni ìdáhùn. Kí tọkọtaya sùn pọ̀ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Èyí kò ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìlà kí wọ́n tó súnmọ́ ara wọn: ẹni tó bá ń sùn pọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì láàárín oṣù ti mú nǹkan bí ìdajì nínú ọjọ́ 6 yẹn.

Àgbéyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní 2023 fi hàn pé àyẹ̀wò yìí lè ṣèrànwọ́ fún àwọn tí kò tíì pé ẹni 40 ọdún, tí wọn kò sì tíì wá oyún tó ọdún kan. Bí obìnrin 18 nínú 100 bá lè lóyún láìlò ó, nǹkan bí 20 sí 28 ni yóò lóyún bí wọ́n bá lò ó.

Ibi tó ti lè ṣini lọ́nà

LH ni bébà ń rí, kì í ṣe ẹyin. LH lè pọ̀ kí ẹyin má jáde. Ara obìnrin tó ní PCOS, àìsàn tó ń da họ́mọ́ọ̀nù obìnrin rú, lè gbé LH púpọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, tí ìlà á sì máa ki láìsí ẹyin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti fẹ́ dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ hCG, họ́mọ́ọ̀nù tó jọ LH, tí wọ́n ń gún fún ìtọ́jú, àti oyún fúnra rẹ̀, lè mú kí ìlà ki. Bí ó bá pọn dandan láti mọ̀ dájú, dókítà lè yẹ progesterone, họ́mọ́ọ̀nù tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìjáde ẹyin, wò nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé, tàbí kó fi ẹ̀rọ ṣàyẹ̀wò inú. Obìnrin náà lè ṣàkíyèsí ara rẹ̀ láìnáwó: bí ọjọ́ náà bá ń súnmọ́, omi ojú ara máa ń mọ́ gaara, á máa yọ̀, á sì ṣeé fà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé bébà yìí láti fi sá fún oyún, nítorí pé àtọ̀ ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn lè ṣì wà láàyè.

Ohun tí kò lè sọ

Bébà kò mọ̀ bóyá túùbù tí ẹyin ń gbà kọjá dí. Kò mọ bí àtọ̀ ọkọ ṣe rí. Bẹ́ẹ̀, nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ìṣòro ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ti obìnrin. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó ni gbogbo ojú ń wò, ìyàwó ni wọ́n ń pè ní àgàn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní kí ọkọ lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Ìwà ìrẹ́jẹ ni. Obìnrin tó ń rí ìlà tó ki lóṣooṣù, tí oyún kò sì dúró, ti ṣe ipa tirẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Bí obìnrin kò bá tíì pé ẹni 35 ọdún, tí wọ́n sì ti wá oyún fún ọdún kan, ó tó àsìkò láti rí dókítà. Ẹni 35 ọdún sókè kò gbọdọ̀ dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tàbí tó ti ní àrùn inú abẹ́ rí, kò gbọdọ̀ dúró rárá. Kí tọkọtaya jọ lọ, kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ nǹkan oṣù àti ọjọ́ tí ìlà ki dání, kí àyẹ̀wò àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.