Oògùn Adènà TNF

Oògùn adènà TNF ni ọ̀wọ́ oògùn tó ń ká purotéènì tí wọ́n ń pè ní TNF lọ́wọ́ kò, láti fi tọ́jú àìsàn tó ń mú ẹ̀yà ara wú, bí àìsàn ìfun Crohn àti irú làkúrègbé tó ń jẹ́ rheumatoid arthritis. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń tú TNF jáde láti gbógun ti àrùn. Bó bá pọ̀ jù nínú oríkèé, oríkèé á wú, á máa gbóná, á máa ro aláìsàn, eegun ibẹ̀ á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn olùwádìí Marc Feldmann àti Ravinder Maini ló léwájú nínú ìwádìí lórí oògùn wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fa infliximab, ọ̀kan lára oògùn adènà TNF, sí iṣan àwọn alárùn làkúrègbé yìí ní ilé ìwòsàn Charing Cross. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí infliximab àti òmíràn tó ń jẹ́ etanercept lọ́dún 1998, àti adalimumab lọ́dún 2002.

Oògùn wọ̀nyí ń dẹwọ́ àìsàn ni, wọn kì í wò ó sàn pátápátá. TNF sì wà lára ohun tó ń sé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́lé nínú ara. Nítorí náà, dókítà máa ń yẹ aláìsàn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà.