Awò ọ̀nà-jíjìn fún wíwo ẹyẹ

Awò ọ̀nà-jíjìn olójú méjì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí báìnókúlà, jẹ́ ohun èlò ìwòran tí ó ní ọ̀pá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ènìyàn lè fi ojú méjèèjì wo ohun tí ó jìnnà. Òun ni ohun èlò àkọ́kọ́ fún àwọn tí ń wo ẹyẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ wọn. Àmì tí a fi ń dá ẹyẹ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn sì lè má ju àwọ̀ àgógó ẹnu tàbí bí ìrù ṣe rí lọ.

Ìtàn

Ní ọdún 1854, Ignazio Porro, ọmọ orílẹ̀-èdè Ítálì, gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ètò prísímù tí ń yí àwòrán tí ó dojú dé padà sí òró. Iṣẹ́ Ernst Abbe ni ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú Jena, ní Jámánì, gùn lé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta awò onípirísímù ní ọdún 1894. Lóde òní, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ti Porro, tí ọ̀pá rẹ̀ ní èjìká, àti èyí tí ọ̀pá rẹ̀ lọ tààrà.

Ìtumọ̀ nọ́ńbà ara awò

Nọ́ńbà méjì ni a máa ń kọ sára awò, bí i 8×42. Èkíní ni iye ìgbà tí awò náà ń sọ nǹkan di ńlá: ẹyẹ tí ó wà ní mítà 80 yóò dà bí ẹni pé ó wà ní mítà 10. Èkejì ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú ní mìlímítà. Bí a bá fi èkíní pín èkejì, a ó rí fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú: 8×42 ń fúnni ní mìlímítà 5.25, 10×25 sì ń fúnni ní 2.5. Ní ọ̀sán gangan, ọmọlójú kì í fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 2 sí 3 lọ, nítorí náà awò kékeré tó. Nínú igbó tàbí ní ìdájí, ọmọlójú a máa fẹ̀ sí i; awò tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kéré yóò sì ṣókùnkùn.

Yíyàn

Nọ́ńbà ńlá kọ́ ni awò rere. Bí awò ti ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá, tí àyè tí ojú ń rí sì ń dín kù. Ìdí nìyí tí 8× àti 10× fi wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí ń wo ẹyẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra awò, pàápàá tòkunbọ̀, yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí:

- Kí ó fi wo òpó tí ó jìnnà. Bí òpó kan bá di méjì, prísímù inú rẹ̀ ti yẹ̀.
- Kí ó yí i padà, kí ó wo inú lẹ́ǹsì iwájú bóyá ohun funfun bí òwú ti hù níbẹ̀.
- Kí ó ṣọ́ra fún lẹ́ǹsì tí ń tàn pupa bí ẹ̀yinná. Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà, kò sì ní jẹ́ kí àwọ̀ ẹyẹ hàn bí ó ti rí.
- Bí ó bá ń lo awò ojú, kí ó yan èyí tí a lè fi wo nǹkan láìbọ́ awò ojú náà.

Lílò

A ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀pá méjèèjì tàbí pa wọ́n dé títí a ó fi rí òbírí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, a ó di ojú ọ̀tún, a ó sì yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ohun tí a ń wò yóò fi hàn kedere sí ojú òsì. A ó wá di ojú òsì, a ó sì yí òrùka tí ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún títí ojú ọ̀tún náà yóò fi ríran kedere. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ni a ó máa yí. Bí ẹyẹ bá yọ, kí ojú má kúrò lára rẹ̀. Awò ni a ó gbé wá bá ojú. Gbígbé ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà ń dín gbígbọ̀n kù. A kò gbọdọ̀ fi awò wo oòrùn láéláé, nítorí ó lè fọ́ ojú.

Ní Èkó àti Ìbàdàn

Ní àdúgbò Bajulaiye, láàárín Ṣómólú àti Bàrígà, ilé sún mọ́ ilé, ẹyẹ kì í sì í jìnnà. Kannakánná, àdàbà àti ẹ̀ga ni a máa ń rí lórí òrùlé, wáyà iná àti igi, àwòdì a sì máa rà bàbà lókè. Níbẹ̀, awò tí ojú-ìwòran rẹ̀ fẹ̀ ló wúlò jù. Etí ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka yàtọ̀: ẹyẹ lè wà lókèèrè lórí omi, 10× sì lè ṣàǹfààní. Ní ọgbà Lekki Conservation Centre, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi gùn ní mítà 401, ó sì máa ń mì. 8× rọrùn jù níbẹ̀.

Igbó inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn fi hàn pé wíwò dáadáa kì í ṣe eré lásán. Ibẹ̀ wà lára ibi tí a ti ń rí Malimbus ibadanensis, ẹyẹ ìbátan ẹ̀ga tí John Elgood fún ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú ewu ìparun. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń gbé igbó bákan náà dúdú, wọ́n sì ní pupa lára. Ibi tí pupa ti pin tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi òmíràn mú fún un yóò mú kí ó dà bí ẹni pé iye rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Nigerian Bird Atlas Project ń gba àkọsílẹ̀ àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri orílẹ̀-èdè, nítorí náà ohun tí kò bá dáni lójú kò yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ àti ìtọ́jú

Kò yẹ kí a kọ awò sí fèrèsé aládùúgbò, bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí pápákọ̀ òfurufú, nítorí ó lè fa ìfura. Ọ̀rinrin Èkó ń mú kí nǹkan hù nínú lẹ́ǹsì. Kí a tọ́jú awò sínú ike tí ó ní ìdérí, pẹ̀lú àpò kékeré afàmìmu irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ní àkókò ọyẹ́, kí a fẹ́ eruku kúrò kí a tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, nítorí eruku a máa ha lẹ́ǹsì.